Ìgò Kan Náà, Ara Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, tí ọkadà àti kẹ̀kẹ́ ti ń yọ̀ kiri títì, lẹ́tà lórí abẹ́rẹ́ ìrora ò jẹ́ kí àpótí wa sinmi. Mo mú díẹ̀ nínú wọn, mo gé àwọn kan kúrú, mo sì yọ orúkọ èèyàn àti ti ilé ìwòsàn kúrò. Kí ẹ tó máa kà á lọ: mi ò ní sọ iye abẹ́rẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè gún ara ẹ̀ nílé. Ẹni tó bá torí ìyẹn ra ìwé yìí, kó lọ gba owó ẹ̀ padà lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀. Nọ́ńbà tí mo kọ síbí, torí kí ẹ lè mọ ìdí tí àwọn tó ń tọ́jú yín fi ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe ni, àti kí ẹ lè bi wọ́n ní ìbéèrè tó nítumọ̀.

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló yí dànù ní Ìdí-Òró pẹ̀lú ìyá mi, ẹni ọdún 78, àti àbúrò ọkọ mi tí kò tíì pé 30. Egungun ìtan ìyá mi kán, ojúgun àbúrò ọkọ mi náà kán, ẹ̀jẹ̀ sì dà lára ẹ̀ gan-an. Ilé ìwòsàn kan náà la gbé wọn lọ, morphine, abẹ́rẹ́ ìrora tó lágbára, ni wọ́n sì fún àwọn méjèèjì. Wọ́n gún àbúrò ọkọ mi sínú iṣan, wọ́n tún gún un, wọ́n tún gún un. Ìyá mi, wọn ò gún wọn tó ìdajì ìgò, wọ́n sì da ìyókù nù lójú mi, nọ́ọ̀sì méjì wá ń fọwọ́ sí ìwé. Mo bi wọ́n pé ṣé torí pé wọ́n ti dàgbà ni wọ́n ṣe ń ṣe wọ́n báyìí. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀ mà.*
*Ìyá Kẹ́hìndé, Mushin*

Ìyá Kẹ́hìndé, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú wàhálà. Ọlọ́run á fún màmá ní àlàáfíà. Mo mọ ibi tí ẹ ń wò. Nílùú Èkó tí a wà yìí, bí ẹnì kan bá ń da nǹkan tí a fowó rà nù lójú ẹni, ó yẹ kéèyàn bèèrè. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, àwọn nọ́ọ̀sì yẹn mọ iṣẹ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ màmá bẹ̀rẹ̀. Nínú ìgò morphine tó wọ́pọ̀, mílígíráàmù 10 ló wà nínú mílílítà 1. Ẹni tára ẹ̀ le, tí wọ́n fẹ́ gún sínú ẹran ara tàbí sábẹ́ awọ, 10 yẹn ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, wọn á sì tún un wò ní wákàtí mẹ́rin. Fún arúgbó, 5 ni ìbẹ̀rẹ̀, ti ẹlòmíì ò sì tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ìrora àgbà kéré. Kíndìnrín ẹni ọdún 78 kì í tètè gbọn oògùn dànù mọ́, ẹran ara ti dín, omi ara ti dín, ọpọlọ náà kì í sì lè gbé oògùn yìí bó ṣe ń gbé e tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀n tí àbúrò ọkọ yín máa fi rí ìsinmi, màmá lè fi sùn débi tí mímí á fi di iṣẹ́ fún wọn. Télọ̀ tó bá rán bùbá méjì láti ara ìwọ̀n ẹnì kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó máa yìn ín, bẹ́ẹ̀ aṣọ ò tilẹ̀ lè pààyàn.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ pẹ́ jù, ìyẹn yàrá tí wọ́n ń gbé aláìsàn sí láti tíátà kó tó padà sí wọ́ọ̀dù, a máa ń fa ìgò 10 yẹn sínú sírínjì ńlá, a ó fi omi abẹ́rẹ́ lé e kó di mílílítà 10. Mílílítà kan wá di mílígíráàmù kan. Ọwọ́ á rọrùn. Màmá àgbà, a ó fún wọn ní 1, a ó dúró, a ó wo ojú wọn, ká tó tún fún wọn ní 1. Ọ̀dọ́mọkùnrin lè gba 2 tàbí 3 lẹ́ẹ̀kan, àwa á sì tún dúró. Ìdúró yẹn gan-an ni iṣẹ́. Morphine tó wọ inú iṣan lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan ní bíi ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣùgbọ́n agbára ẹ̀ kì í kún títí di bí ogún ìṣẹ́jú. Èyí tí wọ́n gún sínú ẹran ara máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Ẹni tó bá kánjú, tó ní "kò ṣiṣẹ́, ẹ fi kún un", kò ní pẹ́ rí i pé ti àkọ́kọ́ àti ti ẹ̀ẹ̀kejì ti pàdé lára aláìsàn. Mọ̀lẹ́bí ló sì máa ń fa ìkánjú yẹn jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.

Ti àbúrò ọkọ yín ńkọ́? Ẹ lè rò pé gígún tí wọ́n gún un lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ń kẹ́ ẹ ni. Rárá. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dà lára ẹ̀, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ tutù, wọn kì í gún morphine fún un nídìí. Ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé inú ẹran ara nírú àkókò yẹn, oògùn á kàn jókòó síbẹ̀. Ìrora ò ní lọ, wọn á tún gún òmíràn lé e. Tó bá wá yá, tí wọ́n ti fa omi àti ẹ̀jẹ̀ sí i lára, tí ara ẹ̀ móoru, gbogbo èyí tó ti ń jókòó á ya wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan nínú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì nìyẹn: wọ́n yọ lọ́wọ́ ọta ìbọn, oògùn ìrora ló wá ń mú wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún un sínú iṣan, díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n á sì máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ láàárín.

Ìyókù tí wọ́n dà nù: ìgò tí wọ́n bá ti ṣẹ́ lọ́rùn ò ṣeé fi pamọ́ di ọ̀la. Òfin sì ń ṣọ́ oògùn yìí. Inú kọ́bọ́ọ̀dù oníkọ́kọ́rọ́ ló ń gbé, wọ́n ní ìwé tí wọ́n ń kọ ìgò kọ̀ọ̀kan sí, ẹni méjì ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí èyí tí wọ́n lò àti èyí tí wọ́n dà nù. Ká ní nọ́ọ̀sì yẹn fi ìdajì tó kù sápò ni, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ pariwo.

Bí ẹ bá ti jókòó ti màmá, ẹ ò nílò kí ẹ máa ka nọ́ńbà ẹ̀rọ. Ẹ wo àyà wọn, kí ẹ ka mímí wọn fún odindi ìṣẹ́jú kan. Méjìlá sí ogún, ó dáa. Tó bá ti ń lọ sí mẹ́wàá, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Tó bá di mẹ́jọ tàbí tó dín sí i, ẹ sáré pè é, kí ẹ máa jí màmá, kí ẹ máa sọ fún wọn pé kí wọ́n mí. Ṣùgbọ́n oorun ló máa ń kọ́kọ́ wúwo kí mímí tó dín. Bí ẹ bá pè wọ́n, tí wọ́n lajú, tí wọ́n dáhùn, tí wọ́n tún sùn lọ, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sinmi. Bí wọ́n bá ń sùn lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu wọn, tàbí tí wọ́n ń hanrun lọ́nà tí ẹ ò gbọ́ rí, tí ọmọlójú wọn kéré gan-an, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi há wọn níka yẹn, bí ọ́síjìn bá wà nímú wọn, nọ́ńbà ẹ̀ lè dára títí mímí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Ojú yín mọ̀ ju ẹ̀rọ yẹn lọ.

Ara yíyún àti èébì kì í ṣe ohun à ń bẹ̀rù, ẹ kàn sọ fún wọn. Ìgbẹ́ tí kò wá ni kí ẹ tètè bá wọn sọ, torí tí wọn ò bá fi oògùn tó ń ṣí inú kún un, màmá á jìyà ẹ̀ ju ìtan tó kán lọ.

*Ẹ káàsán mà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Yábàá, kò tíì pẹ́ tí mo jáde ní ilé ẹ̀kọ́. Bàbá kan wà ní wọ́ọ̀dù wa tí kíndìnrín wọn ti ń kọṣẹ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, dókítà kọ pethidine, abẹ́rẹ́ ìrora bíi morphine, mílígíráàmù 100 ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Ọjọ́ kejì, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ tí kò bára mu, ọwọ́ wọn ń fò, lẹ́yìn náà gìrì gbé wọn. Àwọn ẹbí ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Ọ̀gá wa ní ó lè jẹ́ wárápá. Kí lẹ rò mà?*
*Ọmọ Nọ́ọ̀sì, Yábàá*

Ọmọ mi, kó o tó bú ayé, kọ́kọ́ wo ìwé oògùn. Nígbà tí mo wọ iṣẹ́, pethidine ni ọba. Àwọn Jámánì ló mú un jáde ní nǹkan bí 1939, kò sì sí wọ́ọ̀dù tí a kì í gún un. Ọgbọ́n ọdún ni, wèrè ẹ̀míì. Bí ara bá ń fọ́ pethidine sí wẹ́wẹ́, ó máa ń sọ apá kan ẹ̀ di norpethidine. Ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ pa ìrora, ṣùgbọ́n ó ń yọ ọpọlọ lẹ́nu: ara á máa gbọ̀n, ẹran ara á máa fò, gìrì á tẹ̀ lé e. Kíndìnrín ló ń lé e jáde, ó sì máa ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ju pethidine fúnra ẹ̀ lọ fíìfíì. Fún ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ń kọṣẹ́, abẹ́rẹ́ wákàtí mẹ́rin mẹ́rin yẹn ń kó ìdọ̀tí jọ lórí ìdọ̀tí ni. Naloxone, oògùn tó ń lé agbára morphine àti irú ẹ̀ kúrò lára, ò sì lè mú gìrì yẹn kúrò, ó tún lè dá kún un. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n dáwọ́ pethidine dúró, kí wọ́n tọ́jú gìrì, kí wọ́n sì wá oògùn ìrora míì.

Morphine náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ irú bàbá bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ̀dọ̀ ń sọ ọ́ dà máa ń lágbára, kíndìnrín ló sì ń kó o jáde. Tí kò bá rí ọ̀nà jáde, oorun ọ̀sán á di oorun ọjọ́ kejì. Tó bá jẹ́ pé òun ló wà nìkan, ìwọ̀n ẹ̀ á kéré, àárín abẹ́rẹ́ kan sí èkejì á sì jìn. Fentanyl ló sàn jù fún wọn, torí ẹ̀dọ̀ ló ń pa á, èyí tó kù nínú ẹ̀ kò sì ní agbára. Ṣùgbọ́n o rí fentanyl yẹn, máíkrógíráàmù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ìgò ẹ̀ tó jẹ́ mílílítà 2, máíkrógíráàmù 100 ló wà nínú ẹ̀, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá morphine mílígíráàmù 10 dọ́gba. Ẹni tó bá ka máíkrógíráàmù sí mílígíráàmù, ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ló fi ṣì í. Kọ ọ̀rọ̀ náà ní kíkún sínú ìwé. Má gé e kúrú.

Níwọ̀n ìgbà tó o ṣì jẹ́ tuntun, jẹ́ kí n fi ti ọmọdé kún un, torí ibẹ̀ ni àmì kóńkó inú nọ́ńbà ti ń ṣekú pani. Ọmọ kílò 12 tó ti lé ní ọdún kan, tí dókítà ní kó o fún ní morphine 0.1 mílígíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan, 1.2 ni gbogbo ẹ̀. Nínú ìgò tí wọn ò tíì fi omi lé, mílílítà 0.12 nìyẹn. Ta ló fẹ́ wọn 0.12 láàárín òru, nígbà tí NẸ́PÀ ti mú iná lọ? Fi omi lé e kó di mílílítà 10 bí mo ṣe sọ lókè, mílílítà 1.2 lo fẹ́ fún un nìyẹn, ojú rẹ á sì rí i kedere. Kọ òdo ṣíwájú àmì náà, kọ 0.5, má kọ .5. Má sì kọ òdo sẹ́yìn ẹ̀: ẹni tó bá kọ 1.0, ẹlòmíì lè kà á sí 10. Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù díẹ̀, ti tiẹ̀ tún kéré sí ti kílò yìí, torí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ẹ̀ ò tíì gbó, mímí ẹ̀ náà sì tètè ń gbàgbé. Má dá gún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Pe ẹnì kejì kó bá ọ ṣírò.

Naloxone, ìgò mílígíráàmù 0.4, kó máa wà nítòsí rẹ nígbà gbogbo. Àwa máa ń fi omi lé òun náà kó di mílílítà 10, a ó máa fi mílílítà kọ̀ọ̀kan tẹ̀ ẹ́ títí aláìsàn á fi mí dáadáa. Ẹni tó bá dà á lé aláìsàn lórí lẹ́ẹ̀kan, ìrora á dé lójijì, ẹ̀jẹ̀ á ru. Kì í sì í pẹ́ lára bíi morphine. Aláìsàn tó jí, tó ń bá ọ ṣàwàdà, lè padà sùn lẹ́yìn wákàtí kan. Má jẹ́ kí wọ́n gbé e kúrò níwájú rẹ.

Tó o bá fẹ́ bá dókítà sọ ọ́, má bá a jà. Sọ fún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, creatinine bàbá yìí ga, ara wọn sì ti ń fò. Ṣé a lè yí pethidine yẹn padà?" (Ẹ̀yin òǹkàwé, creatinine ni ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ga bí kíndìnrín bá ń kọṣẹ́.) Tó bá bínú, kó bínú. Kọ ọ́ sínú ìwé pé o sọ ọ́, kí o sì kọ aago.

*Ẹ kú iṣẹ́ o. AS ni mí, AS ni ìyàwó mi, ọmọ wa ọkùnrin ọmọ ọdún 19 jẹ́ SS. Nígbà tí ìrora bá mú un, tí a bá gbé e dé ilé ìwòsàn, ó máa ń sọ fún wọn pé morphine 5 kì í ran òun, pé 10 ló ń ràn án. Wọ́n ní ẹni tó mọ orúkọ oògùn tó bẹ́ẹ̀ ti di bárakú. Wọ́n fi í sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, ó ń yí. Ìyàwó mi wá rí oníkẹ́míìsì kan tó ń gún pentazocine fún un. Itan ẹ̀ ti le báyìí, awọ ẹ̀ sì ń dá egbò. Kí ni ká ṣe?*
*Bàbá Ṣadé, Òkè Pópó*

Bàbá Ṣadé, ẹ kú ìrọ́jú. Lẹ́tà yín yìí bí mi nínú, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo bínú sí.

Ọmọ ọdún 19 tó ti ń bá fòníkú-fọ̀ladìde jìjàkadì láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọwọ́, tí kò bá mọ orúkọ oògùn ẹ̀, ta ló fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ẹni tó kan ló mọ̀. Ẹni tí wọ́n ti fún ní oògùn yìí léraléra, ara ẹ̀ á ti mọ̀ ọ́n, á wá nílò ju ti ẹlòmíì lọ kó tó rí ìtura. Ìyẹn yàtọ̀ sí ẹni tí ọkàn ẹ̀ ń wá oògùn nígbà tí kò sí ìrora. Àwọn méjèèjì wà, mi ò ní tàn yín, ẹnì kan sì lè ní méjèèjì. Ṣùgbọ́n orí bẹ́ńṣì kọ́ la ti ń yanjú ẹ̀. Ẹ̀ ń tọ́jú ìrora lónìí, ẹ ó sì sọ̀rọ̀ bárakú lọ́jọ́ tára bá tù ú. Àwọn dókítà ẹ̀jẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìlànà wọn ní 2020 pé kí irú aláìsàn yìí gba oògùn ìrora láàárín wákàtí kan tó bá dé, kí wọ́n sì máa tún un wò ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan.

Ẹ gbọ́ èyí náà o. 10 tí ọmọ ń sọ yẹn, kì í ṣe pé kí ẹnì kan da 10 sí i níṣan lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ti pẹ́ tí ìrora ti mú un kẹ́yìn, ara ẹ̀ lè ti gbàgbé oògùn náà, ìwọ̀n tó rọrùn fún un nígbà tó lò ọ̀sẹ̀ kan ní wọ́ọ̀dù sì lè pọ̀ jù fún un ní wákàtí àkọ́kọ́ báyìí. Kí wọ́n fún un díẹ̀, kí wọ́n pa dà wá kíákíá, kí wọ́n fi kún un, títí á fi tó ohun tó ń ràn án. Ohun tó ń sọ fún wọn ni ibi tí wọ́n ń lọ. Ó yẹ kí wọ́n gbà á gbọ́, kí wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn débẹ̀.

Nípa pentazocine, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Fortwin, mi ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá, mo sì ti ń sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ó ní ibi tí agbára ẹ̀ máa ń dé tí kì í kọjá, bí wọ́n tilẹ̀ gún ìgò márùn-ún. Ó lè mú kéèyàn máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá gún un fún ẹni tí ara ẹ̀ ti mọ morphine, ó lè já morphine yẹn gbà kúrò lára ẹ̀: òógùn á bò ó, imú á máa dà, inú á máa lọ́, ìrora á tún le sí i. Gígún tí wọ́n ń gún un sójú kan léraléra ló sì sọ ẹran itan ọmọ yín di líle tó fi ń dá egbò. Ẹ sọ fún ìyàwó yín pé mo ń kí wọn, ìfẹ́ ọmọ ló gbé wọn débẹ̀. Kí wọ́n má padà síbẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà iṣẹ́ abẹ rí itan náà lọ́sẹ̀ yìí. Tó bá ti pẹ́ tí ọmọ ti ń gbà á, kí wọ́n má dá a dúró lójijì láìsọ fún dókítà. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ fi pethidine rọ́pò ẹ̀, ẹ kà lẹ́tà tó ṣáájú yìí fún un.

Ilé ìtọ́jú fòníkú-fọ̀ladìde kan wà ní Ìdí-Àràbà, ó dojú kọ LUTH. Ẹ mú ọmọ lọ síbẹ̀ nígbà tí ara ẹ̀ bá yá, ẹ má dúró di ọjọ́ ìrora. Ẹ ní kí dókítà tó mọ̀ ọ́n kọ ọ́ sórí ìwé kan, kó fọwọ́ sí i: bí ọmọ ṣe wúwo tó, oògùn tó ń ràn án, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó sábà ń dé, oògùn tí kò bá a lára mu. Ọmọ á máa gbé e kiri. Nọ́ọ̀sì tí kò gba ọmọ gbọ́ á gba ìwé gbọ́, bí ayé wa ṣe rí nìyẹn.

Nígbà tó bá wà ní bẹ́ẹ̀dì tó ń gba morphine, kó máa mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní wákàtí méjì-méjì, bó bá ti lajú. Ẹni tí ìgbáàyà ń dùn kì í fẹ́ mí dáadáa, morphine sì tún ń fa oorun, ẹ̀dọ̀fóró lè ti ibẹ̀ dì. Ikọ́, ibà tàbí àyà dídùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀.

*Ọkọ mi tó kílò 130. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n sọ fún dókítà pé kí wọ́n fi kún abẹ́rẹ́ ìrora wọn nítorí bí wọ́n ṣe tóbi. Wọ́n máa ń hanrun débi pé èémí wọn á dúró, wọ́n á tún ta jí.*
*Ìyàwó Alájọ, Bàrígà*

Ẹ má sọ ti ọ̀rẹ́ yín. Ti hanrun yẹn ni kí ẹ sọ, kí ẹ sì sọ ọ́ fún ẹni tó máa fún wọn ní oògùn oorun, lójú ọkọ yín, kí wọ́n má baà sẹ́. Ọ̀rá kì í jẹ́ kí èèyàn nílò morphine bí kílò ẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ìwọ̀n ẹni tí ì bá jẹ́ ká ní kò sanra ni wọ́n sábà ń fi ṣírò. Ẹni tí ọ̀fun ẹ̀ ń dí lóru tún wà nínú ewu ju gbogbo èèyàn lọ: bí oògùn bá ti mú oorun wúwo, kò ní ta jí mọ́ nígbà tí èémí bá dúró. Kí wọ́n gbé orí ẹ̀ sókè. Kó wà níbi tí wọ́n ti lè máa wò ó ní gbogbo òru àkọ́kọ́. Abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú egbò kú, pẹ̀lú paracetamol tí wọ́n ń fún un ní àkókò rẹ̀, á dín morphine tó máa nílò kù. Valium, oògùn oorun, ọtí àti paraga, kí ìkankan nínú wọn má bá a pàdé. Ọdún 2016 ni àwọn aláṣẹ oògùn Amẹ́ríkà ti fi ìkìlọ̀ tó le jù lọ sára pípa oògùn ìrora bíi morphine pọ̀ mọ́ irú Valium. Ẹ bi wọ́n bóyá naloxone wà ní wọ́ọ̀dù. Bí wọ́n bá ní "kí nìyẹn?", ẹ wá ilé ìwòsàn míì.

*Ẹ̀gbọ́n mi gba abẹ́rẹ́ ìrora nígbà ìrọbí, ọmọ kò tètè ké. Oyún tèmi ti pé oṣù mẹ́jọ. Ṣé kí n kọ abẹ́rẹ́ náà ni?*
*Aláboyún, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà*

Ọmọ dáadáa, wà á sọ̀ layọ̀. Kò sí ìdí tó o fi gbọ́dọ̀ jìyà. Pethidine àti morphine ń gba inú olóbì kọjá sára ọmọ. Ọmọ tí wọ́n bí ní bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìdí ló máa ń sùn jù, ìdí nìyẹn tí agbẹ̀bí tó mọṣẹ́ fi ń wò ó bóyá ẹnu ilé ọmọ ti ń ṣí jù kó tó gún un. Bi wọ́n pé, "Ṣé ẹni tó lè fún ọmọ ní èémí wà níbí, ṣé ohun èlò ẹ̀ wà?" Tó bá wà, fọkàn balẹ̀. Lẹ́yìn ìbímọ, má gba codeine tàbí tramadol nígbà tó o bá ń fún ọmọ lọ́mú, ìkìlọ̀ ti jáde lórí méjèèjì láti 2017. Ara àwọn ìyá kan máa ń yí i padà di ohun líle kíákíá, ọmú ló sì ń gbé e fún ọmọ.

*Bàbá mi ní jẹjẹrẹ. Morphine olómi tí wọ́n ń mu jẹ́ mílígíráàmù 60 lójúmọ́. Wọn ò lè gbé nǹkan mì mọ́, wọ́n ń bì í, dókítà wá yí i sí abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ, 20 péré lójúmọ́. Ṣé wọn ò gé e jù?*
*Àkọ́bí, Ṣómólú*

Wọn ò gé e. Èyí tí bàbá ń mu, ẹ̀dọ̀ ti ń gba púpọ̀ nínú ẹ̀ kó tó dé ẹ̀jẹ̀. Abẹ́rẹ́ kì í gba ibẹ̀ kọjá. Nítorí náà, 30 ní ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú 10 ní abẹ́rẹ́, 60 wá di 20. Ẹ wò wọ́n fún ọjọ́ kan sí méjì. Bí ìrora bá ṣì ń já wọn lójú oorun, ẹ sọ fún dókítà kó fi kún un, ẹ má ṣe fi omi morphine ilé ti abẹ́rẹ́ lẹ́yìn. Bí wọ́n bá padà sí mímu, ìṣirò náà á yí padà, dókítà ni kó tún un ṣe. Bí wọ́n bá sì fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì wà láìgba morphine kankan, kí ẹnikẹ́ni má padà sí 60 yẹn tààrà, torí ara á ti gbàgbé. Igo tó wà nílé, ẹ tì í mọ́ inú àpótí, kí àwọn ọmọ-ọmọ má baà kàn án. Ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ rí dókítà, ẹ mú un dání pẹ̀lú ìwé tí ẹ fi ń kọ àkókò tí bàbá ń gba oògùn.